Ẹni Tí Létà Bá Gbé Wọlé

Lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹ̀ka wa dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ó di àpò ike pẹlẹbẹ kan mú, ó kó àwọn ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sínú rẹ̀: ti yunifásítì, ti àgùnbánirọ̀, ti ọjọ́ ìbí, ti ìpínlẹ̀ àbínibí, ó sì ti ṣe ẹ̀dà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Bàbá, mo gbọ́ pé ẹ̀yin àti Alhájì mọ ara yín dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba létà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní a ti fún wọn ní sílọ́ọ̀tì márùn-ún nínú iṣẹ́ tí ìjọba fẹ́ gbà yìí." Mo bi í léèrè bóyá a ti kéde iṣẹ́ náà nínú ìwé ìròyìn. Ó ní òun kò mọ̀. Mo bi í bóyá a ó ṣe ìdánwò. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí ọmọdé máa ń rín sí àgbà tí ayé ti kọjá lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni ó mú mi gbé kálámù, nítorí kì í ṣe òun nìkan ni ó ń béèrè. Nínú ìpàdé wa méjì tí ó kọjá, àwọn kan dìde, wọ́n ní àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn ń ti ọmọ tiwọn wọ iṣẹ́ ìjọba, pé kí àwa náà yan àwọn àgbààgbà tí yóò máa lọ gba ìpín tiwa wá. Gbogbo ilé ni ó kígbe pé bẹ́ẹ̀ ni. N kò bá wọn kígbe, n kò sì ta kò wọ́n ní ọjọ́ náà, nítorí mo mọ̀ pé bí ebi bá ti wọ inú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í ráyè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo lò nínú iṣẹ́ ìjọba, ibi tí a ti ń tọ́jú fáìlì òṣìṣẹ́ ni mo sì ti lo ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Mo ti rí bí ẹni tí létà gbé wọlé ṣe wọlé, mo sì ti rí bí ó ṣe jáde.

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wa kò tíì mọ̀ ni pé òfin tí a fi ń gba ènìyàn sí iṣẹ́ ìjọba náà ni òfin tí yóò gbà á sílẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lé e. Ẹni tí ó bá fo fèrèsé wọlé, kò ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè pé ta ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ òun.

Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní 1975, lẹ́yìn tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed gba ìjọba, a lé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí iye wọn lé ní 10,000 kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàárín oṣù díẹ̀. A ní àwọn kan ń jẹ àbẹ̀tẹ́lẹ̀, àwọn kan ti darúgbó, àwọn kan kò wúlò mọ́. Òótọ́ ni èyí nípa àwọn kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n a kò fi ẹ̀sùn hàn ẹnì kọ̀ọ̀kan kí ó sọ ti ẹnu rẹ̀. Ọ̀gá tí ó ń bínú sí ọmọ abẹ́ rẹ̀ sì rí àyè kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ọ̀lẹ. Ní tèmi, mo gbà pé ọdún náà ni ọkàn òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ wa ti bàjẹ́. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé a lè lé òun lọ́la láìsọ ìdí, òní ni yóò kó ohun tí ó bá rí kó.

Agbẹjọ́rò kan wà ní iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ti ìjọba àpapọ̀, Shitta-Bey ni orúkọ rẹ̀, orúkọ tí kò ṣàjèjì sí mùsùlùmí Èkó kankan nítorí mọ́ṣáláṣí tí a ṣí ní 1894. Wọ́n ní kí ó máa lọ sílé. Ó gbé ìjọba lọ sí ilé-ẹjọ́, ó sì jàre. Síbẹ̀ wọn kò dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó tún pa dà sí ilé-ẹjọ́ láti bèèrè pé kí a pàṣẹ fún wọn kí wọ́n dá òun padà. Ọ̀rọ̀ náà gùn títí dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Ní 1981, àwọn adájọ́ àgbà wí pé ìlànà iṣẹ́ ìjọba tí a gbé ka orí ìwé òfin orílẹ̀-èdè kì í ṣe ìwé ìmọ̀ràn lásán. Ó ní agbára òfin. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ ìjọba kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ tí olówó ilé lè wí fún pé kí ó di ẹrù rẹ̀ nígbà tí ó bá wù ú. Ó ní ipò tí òfin fún un, ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ nìkan ni a sì lè gbà mú un kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n pàṣẹ pé kí a dá a padà. Ní 1985, ilé-ẹjọ́ kan náà tẹ̀ lé ọ̀nà yìí nínú ẹjọ́ àwọn olùkọ́ Yunifásítì Èkó.

Ìjọba ológun kò fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yìí. Òfin ológun kẹtàdínlógún ti ọdún 1984 ti ilẹ̀kùn ilé-ẹjọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni tí a bá lé lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà yóò rántí bí gbogbo wa ṣe ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìwé òfin 1999 ni a ń lò báyìí. Abala 36 rẹ̀ sì sọ pé a gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ènìyàn kí a tó dá a lẹ́jọ́.

Mo sọ gbogbo èyí kí ẹ lè mọ iye tí ààbò náà tó. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni ín? Ẹni tí àjọ tí òfin yàn gbà sí iṣẹ́ ni: Àjọ tí ó ń rí sí Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀, tàbí ti ìpínlẹ̀, tàbí iléeṣẹ́ tí àjọ náà bá fún ní àṣẹ láti gba àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké. Bí ènìyàn bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ojúmọ́, tàbí tí a gbà á fún ìgbà díẹ̀ nítorí pé òṣèlú kan fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́. A lè fún un ní ìwé ìkìlọ̀ oṣù kan, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ló gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ṣe wàlímà lé e lórí, tí wọn kò sì ka ìlà kejì rẹ̀.

Ẹ ti gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀ṣun bí? Ní oṣù kọkànlá 2022, bí gómìnà tuntun ṣe gorí àlééfà, ó fagi lé gbogbo iṣẹ́ tí ìjọba tí ó kógbá wọlé gbà ènìyàn sí lẹ́yìn ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún náà, ìyẹn lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n ti dìbò yan gómìnà. N kò ní sọ ẹni tí ó jàre nínú òṣèlú wọn. Àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni mo ń rò, tí àwọn kan nínú wọn ti fi iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé aládàáni sílẹ̀. Ìjọba kan fi wọ́n sí i, òmíràn yọ wọ́n, àwọn ni wọ́n sì ń ru ẹrù àwọn méjèèjì.

Àwọn ọ̀dọ́ a máa sọ fún mi pé, "Bàbá, ìdánwò tí ẹ ń wí yìí kò sí mọ́." Wọn kò purọ́ tán. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta 2014, a pe àwọn tí ó lé ní 500,000 sí pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè yìí láti ṣe ìdánwò fún iṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n tí kò tó 5,000. Olúkúlùkù ti san 1,000 náírà kí a tó gba ìwé rẹ̀. Ní pápá ìṣeré Àbújá àti ní àwọn ibòmíràn, ẹnu ọ̀nà há, èrò pọ̀, wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ó kéré tán ọmọ 15 ni kò padà sílé. Aboyún wà nínú wọn. Ààrẹ fagi lé ìdánwò náà, ó sì ṣèlérí pé a ó fi iṣẹ́ rẹ ẹbí àwọn olóògbé lẹ́kún. Mo káàánú wọn, n kò sì ní bá ẹni tí ó gba iṣẹ́ náà jà. Síbẹ̀ ẹ wò ó: ìlànà ìgbanisíṣẹ́ tí a kò tẹ̀ lé ni ó pa wọ́n, iṣẹ́ tí a gbà láìsí ìdánwò ni a sì tún fi ṣe ẹ̀san. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ó sọ sílọ́ọ̀tì di ohun tí ọmọ gidi ń tọrọ, ọjọ́ náà ni mo máa ń nà sí. Lójú ọ̀dọ́, ẹni tí ó tẹ̀ lé ọ̀nà gbangba kú sí ẹnu ọ̀nà pápá. Ẹni tí ó ní létà wọ ẹ̀yìnkùlé lọ jókòó.

Nítorí náà, kí ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ bí tiwa máa bèèrè? Àwọn ará wa ní kí a bèèrè ìpín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òfin wí. Àjọ kan wà tí a dá sílẹ̀ ní 1996, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa rí i pé gbogbo ìpínlẹ̀ ní ìpín nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Àjọ yìí a máa ka ìpínlẹ̀. Kì í ka mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Abala 42 ìwé òfin sì sọ ọ̀rọ̀ náà lójú méjèèjì: a kò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà nítorí ẹ̀sìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ ṣe ojú rere fún un nítorí ẹ̀sìn rẹ̀. Abala yìí kan náà ni a máa ń sá bá nígbà tí wọ́n bá dá ọmọbìnrin wa padà lẹ́nu ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nítorí híjáábù. A kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún di i mú ní ọjọ́ Ajé kí a sì fi ọwọ́ òsì ya á ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ohun tí a lè bèèrè, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè dá wa lẹ́bi lé lórí, ni pé kí a kéde gbogbo iṣẹ́, kí a ṣe ìdánwò, kí a sì lẹ àbájáde mọ́ ara ògiri kí gbogbo ojú rí máàkì. Olóyè Simeon Adébọ̀, tí ó ṣe olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kí ó tó lọ ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Àgbáyé ní 1962, kì í ṣe mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n títí di òní, àwọn mùsùlùmí tí ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ kì í dárúkọ rẹ̀ láìfi ọ̀wọ̀ kún un. Ọ̀gá tí ó ń tẹ̀ lé ìlànà dára fún gbogbo wa ju ọ̀gá tiwa tí kò mọ ìlànà lọ.

Ní ti ìgbéga, n kò ní gùn. Àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ pé lọ́dọọdún ni ọ̀gá ń kọ ìròyìn nípa òṣìṣẹ́ sínú fọ́ọ̀mù tí gbogbo wa ń pè ní épà, pé láti ipele 07 dé 14 ẹni tí kò bá lo ọdún mẹ́ta kò lè gòkè, àti pé kò sí ìgbéga tí kò sí àyè fún. Ẹ̀bi tiwa ni mo fẹ́ fi hàn. Mo ti rí òṣìṣẹ́ tí ó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù náà láìkà á, fún ọdún mẹ́fà, kí ó tó mọ̀ pé ọ̀gá òun ti ń kọ ọ́ pé òun kì í tètè dé. Nígbà tí wọ́n fò ó nínú ìgbéga, ó wá ń sunkún pé nítorí irùngbọ̀n òun ni. Mo ṣí fáìlì rẹ̀ fún un. Ìwé ìwọlé àárọ̀ wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ aago mẹ́wàá sí i. Kì í ṣe pé wọn kì í fi ẹ̀sìn yan ènìyàn jẹ. Mo ti rí èyí náà, mo sì ti kọ̀wé lòdì sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá ń kígbe ẹ̀sìn lórí ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ti aago mẹ́wàá, ní ọjọ́ tí ó bá jẹ́ ti ẹ̀sìn lóòótọ́, kò ní sí ẹni tí yóò dá wa lóhùn.

Ìgbẹ́jọ́ òṣìṣẹ́ ni ó dùn mọ́ mi jù láti sọ, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa ti ń pàdánù ẹ̀tọ́ wọn nítorí àìmọ̀. Bí ọ̀gá bá fún ọ ní kúẹ́rì, má ṣe ya á, má ṣe gbé e lọ fún àlùfáà kí ó ṣe àdúà sí i kí o sì dákẹ́. Dá a lóhùn ní kíkọ láàárín ọjọ́ tí ó dá fún ọ, sọ òótọ́, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà tìrẹ sí ilé. Ìlànà ìjọba àpapọ̀, nínú ẹ̀dà ti ọdún 2008, sọ pé a gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀sùn fún òṣìṣẹ́, kí a fún un láyè láti dáhùn, kí a sì parí ọ̀rọ̀ náà láàárín 60 ọjọ́ bí kò bá jẹ́ ọ̀ràn ọ̀daràn. Bí wọ́n bá dá ọ dúró ní ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni kò sì pè ọ́, àwọn ni wọ́n ń rú òfin. Kọ ìwé ẹ̀hónú, fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ ọ̀gá rẹ gẹ́gẹ́ bí ìlànà ti wí. Àjọ tí ó ń gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú ti wà láti 1975, kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá mú ẹjọ́ wá. Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, ilé-ẹjọ́ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wà, èyí tí àtúnṣe ìwé òfin ti 2010 gbé àṣẹ lé lọ́wọ́. Má ṣe jẹ́ kí oṣù mẹ́ta kọjá kí o tó rí agbẹjọ́rò, nítorí òfin kan wà tí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba fẹ́ràn láti fi sé ẹni tí ó bá pẹ́ mọ́ ìta.

Àwọn kan nínú wa rò pé láti bá ìjọba rojọ́ jẹ́ ìwà agídí tí kò yẹ mùsùlùmí. Ìtàn tiwa kò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Umar ọmọ Abdul-Aziz jẹ́ kálífà, láàárín 717 sí 720, ó jókòó fúnra rẹ̀ láti gbọ́ ẹ̀hónú àwọn tí àwọn aláṣẹ ti fìyà jẹ, ó sì dá ohun tí ìdílé òun gan-an ti gbà lọ́nà àìtọ́ padà. Imam al-Māwardī, tí ó kú ní 1058, kọ orí odidi kan nípa irú ìgbẹ́jọ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní maẓālim, nínú ìwé rẹ̀ lórí ètò ìṣèlú. Nínú ohun tí ó kà sílẹ̀ pé ó yẹ kí a gbọ́ níbẹ̀ ni ẹ̀hónú àwọn tí ń gba owó lọ́wọ́ ìjọba, tí a dín owó wọn kù tàbí tí a dá a dúró, àti àyẹ̀wò àwọn akọ̀wé ìjọba. Òṣìṣẹ́ tí a jẹ ní gbèsè owó oṣù kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ rí.

Ó ku ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo jókòó sórí òkè ń wo àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀. Nígbà kan, ní ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ, èmi ni mo ń ṣe akọ̀wé fún àwọn tí ń fọ̀rọ̀ wá àwọn olùwáṣẹ́ lẹ́nu wò. Àyè kan ṣoṣo ni ó kù. Ọmọbìnrin kan láti abúlé gba máàkì mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi, tí bàbá rẹ̀ àti èmi jọ ń kírun, gba mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ṣùgbọ́n ìwé kékeré ti wá láti òkè. Ọ̀gá mi wò mí, èmi náà wò ó, mo sì kọ orúkọ ọmọ ọ̀rẹ́ mi. Mo sọ fún ara mi pé àánú ni mo ṣe. N kò mọ ibi tí ọmọbìnrin náà wà lónìí, n kò sì mọ ibi tí mo ti lè rí i kí n tọrọ àforíjì. Ohun tí ó ń dùn mí jù ni pé kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó yege. A kò lẹ máàkì mọ́ ara ògiri, nítorí náà kò sí ohun tí ó lè fi pe ẹjọ́. Àmáánà ni àpótí máàkì náà jẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì jẹ ẹ́.

Nítorí ọmọbìnrin yìí ni n kò ṣe lè gba létà fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Mo sọ fún un pé n kò ní lọ bá Alhájì, ṣùgbọ́n bí a bá kéde iṣẹ́ náà, èmi yóò bá a kọ ìwé ìbéèrè, èmi yóò sì kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n ń bèèrè nínú ìdánwò. Bí wọn kò bá kéde rẹ̀, èmi àti òun yóò jọ buwọ́ lu ìwé ẹ̀hónú tí a ó kọ sí àjọ tí ọ̀rọ̀ kàn. Inú rẹ̀ kò dùn. Ó dúpẹ́, ó fi àwọn ìwé rẹ̀ padà sínú ike, ó lọ. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn àsàlátù, mo gbé ìwé ìlànà iṣẹ́ ìjọba wá sí ìjókòó àwọn ọ̀dọ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí tí ó sọ nípa ìgbanisíṣẹ́. Àwọn méje ni ó jókòó. Òun ni ó dé kẹ́yìn, ó sì jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá.